Ogójì Ọjọ́ Adébánjọ Nínú Omi Tútù

Ọkùnrin kan wà ní Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀, tí ó sanwó kí wọ́n lè kọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń fi omi tútù wẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní irọ́, kó fara balẹ̀ ná. Ó sanwó, ó gba rìsíìtì, ó sì ń fi rìsíìtì náà han àlejò.

Adébánjọ ni orúkọ rẹ̀. Ṣàgámù ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Bọ́ládé ní Òṣòdì ni ojú rẹ̀ ti là, nínú ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún kan tí kànga rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Nílé yẹn, ìdájí ni àwọn ọmọdé ti ń to korobá sí ẹnu kànga. Bí ó bá kan Adébánjọ, yóò fa omi, yóò gbé e wọ inú páànù tí wọ́n fi ṣe ilé ìwẹ̀, yóò sì dà á sára bí ọyẹ́ ti ń gba abẹ́ páànù wọlé. Eyín rẹ̀ a máa gbá ara wọn. Bí ó ti ń wẹ̀ ni ó ń ṣépè, kì í ṣe fún ènìyàn kan, òṣì ni ó ń ṣẹ́ ẹ fún. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí ó búra níbẹ̀ pé lọ́jọ́ tí òun bá lówó lọ́wọ́, omi tútù kò ní kan ara òun mọ́.

Ó sì pa ẹ̀jẹ́ náà mọ́. Ó fi ìrọ̀lẹ́ kàwé, ó ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn tí ń bá ènìyàn gba ẹrù jáde ní èbúté, ó di ọ̀gá kékeré, ó di ọ̀gá ńlá. Ó fẹ́ Lucy, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí ń ta aṣọ ní ọjà Aswani. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé sí Ire-Akari, kí àga kankan tó wọ pálọ̀, hítà tí ń mú omi gbóná ti wà lára ògiri ilé ìwẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún ogún ọdún gbáko, omi gbígbóná nìkan ni ara Adébánjọ mọ̀. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni yóò tàn kí ó tó bọ́ṣọ. Bí wọ́n bá ń lọ ṣe Kérésì ní Ṣàgámù, irin oníná tí a ń rì bọ inú korobá omi ni ó kọ́kọ́ ń wọ inú báàgì rẹ̀, kí Bíbélì tó wọ̀ ọ́.

Irú ọkùnrin yìí ni ó wá di wòlíì omi tútù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò rẹ́rìn-ín, inú ló ń run ún.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Adébánjọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, Tẹjúmádé, lọ sílé ọkọ. Ó fẹ́ Rájí, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan láti ìdílé Mùsùlùmí tí wọ́n wá láti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí Bọ́ládé. Ilé wá pa rọ́rọ́. Lucy kò ráyè ọkùnrin tó jókòó. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní oníbàárà, bí ó bá sì ti di Túsìdeè tí ọjà Aswani ń kún, kò sẹ́ni tó ń rí i títí alẹ́. Tẹjúmádé ni ó máa ń bá bàbá rẹ̀ jà lórí ìròyìn, òun ni ó máa ń bu ẹran inú àwo rẹ̀ jẹ. Àárò ọmọ ń sọ ọkùnrin yìí, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kàkà kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àárò ọmọ òun ń sọ òun, ó ní àárẹ̀ ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn rẹ̀ nínú fóònù.

Ó kọ́kọ́ ń fi ẹ̀yìn rìn yípo àdúgbò, títí ó fi ẹ̀yìn rìn bọ́ sí gọ́tà. Lẹ́yìn náà ni ó jẹ ẹyin nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó fi jẹ́ pé Lucy kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Èyí tó burú jù ni pé Adébánjọ kò mọ bí a ṣe ń gba nǹkan gbọ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Bí ó bá ti rí ọ̀nà kan tó dà bí ọ̀nà ọ̀run, gbogbo àdúgbò ni yóò máa tì síbẹ̀.

Ìgbà náà ni ó bá Diamond pàdé lórí fóònù. Diamond jẹ́ ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán, tí ó ń gba imú sọ òyìnbó. Ó ní omi tútù ń lé àárẹ̀, ó ń lé ìbànújẹ́, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́, ó ń sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Ogójì ọjọ́ ni ẹ̀kọ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta láràárọ̀. Ẹni tó bá sanwó yóò wọ gúrúùpù Wọ́sáàpù, ẹni tó bá sì parí rẹ̀ yóò gba sátífíkéètì. Ohun tí ìyá Adébánjọ ń lé e lọ ṣe lẹ́yìnkùlé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Bọ́ládé, Diamond fi òyìnbó wé e, ó tà á padà fún un. Adébánjọ sanwó lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, Lucy wà nínú yàrá tó ń wé gèlè lọ́wọ́. Ó gbọ́ igbe láti ilé ìwẹ̀. Ó fa ọmọ odó yọ ní kíṣìnì, ó sáré wọlé, ó rò pé olè ni. Ọkọ rẹ̀ ló bá, ó di ògiri mú, ó di ojú, omi ń dà lé e lórí, ó sì ń kọ orin ìsìn tí kò mọ ẹsẹ kejì rẹ̀.

"Bàbá Tẹjú, kí ló dé?"

"Má dá mi lẹ́nu. Ó ku ìṣẹ́jú méjì."

"Hítà ló bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ó tutù?"

"Lucy, ìtọ́jú ni."

Lucy wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbé ọmọ odó padà sí kíṣìnì, ó parí gèlè rẹ̀, ó lọ sí Aswani. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìsọ̀ aṣọ, ẹ̀rín pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà kan fi rò pé òun ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín kò dí Adébánjọ lọ́wọ́. Láràárọ̀, bí ó bá ti jáde nínú omi, yóò ya fọ́tò ara rẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́rùn, yóò fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Àwọn tó wà níbẹ̀ yóò pàtẹ́wọ́ fún un. Òun náà yóò pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àgbàlagbà ọgọ́rin tí kò mọra wọn rí ń kí ara wọn kú oríire pé àwọn wẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ó dá Zakariyah dúró, ọmọ Ìsẹ́yìn tí ń ṣọ́ géètì òpópónà wọn. Zakariyah ń bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ omi, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Adébánjọ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, látorí ẹ̀jẹ̀ dórí iṣan, látorí iṣan dórí ìgboyà. Zakariyah tẹ́tí sí i títí ó fi parí.

"Ọ̀gá, irú omi yẹn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wẹ̀ yìí."

"O ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ wà nínú kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Ẹ má bínú o, ọ̀gá. Ṣé wọ́n ń fún ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré ní nǹkan ni?"

Adébánjọ mi orí nítorí àìmọ̀kan ọmọ náà, ó kọjá lọ. Zakariyah náà mi orí. Orí méjèèjì ló mì, ọ̀kan ṣoṣo ni ọpọlọ wà nínú rẹ̀.

Bí eré náà bá mọ síbẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá bá a wí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ̀n nílé ara rẹ̀, kó máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n oyún ń bẹ nínú Tẹjúmádé, oṣù rẹ̀ sì ti pé.

Gbogbo ẹni tí Yorùbá bí ló mọ̀ pé abiyamọ kì í fi omi tútù ṣeré. Fún ogójì ọjọ́ lẹ́yìn tó bá bímọ, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ki táwẹ̀lì bọ omi tó ń hó, wọ́n á fún un, wọ́n á fi tẹ ikùn rẹ̀, yóò máa kérora, wọn ò ní dá a lóhùn. Ìyá àgbà ni í ṣe iṣẹ́ yìí. Àlàájà Àrìnkẹ́, ìyá Rájí, tí ń ta ike àti abọ́ ní Bọ́ládé, ti wẹ abiyamọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iná mọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló fẹ́ kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ wà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Adébánjọ ni ó lọ bẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àlàájà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí Tẹjúmádé wá lo ogójì ọjọ́ náà ní Ire-Akari, pé ilé ń ṣe òun bí ahoro. Lọ́jọ́ kan yẹn, ó sọ òtítọ́. Àlàájà wò ó, àánú ṣe é. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bí i. Ẹ ṣáà bá wa tọ́jú rẹ̀." Adébánjọ délé, ó kun yàrá náà ní ọ̀dà fúnra rẹ̀, ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó sì sùn níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ̀fọn ń wọlé. Kò sí ohun tí ọkùnrin yìí tún fẹ́ láyé ju kí ọmọ ọmọ rẹ̀ sunkún lábẹ́ òrùlé rẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Èyí ló jẹ́ kí ìwà tó hù lẹ́yìn rẹ̀ máa bí ènìyàn nínú.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ẹ̀kọ́ wọn, Diamond pàṣẹ pé kí kálukú mú ohun ìdánwò, ìyẹn ohun tó lè fà á padà sí omi gbígbóná, kúrò nílé. Adébánjọ pe oníṣẹ́ iná, ó ní kó tú hítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí Lucy dé láti ọjà, ihò mẹ́ta ló bá lára ògiri.

"Bàbá Tẹjú, ẹ bẹ ènìyàn kó bá yín gbé abiyamọ wá sílé, ẹ wá tú hítà?"

"Gáàsì wà ní kíṣìnì."

"Gáàsì wà. Ọgbọ́n ni mò ń wá."

Lucy jí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó lọ ra ìkòkò ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ọ̀pọ̀ èrò, ó gbé e ka orí gáàsì, ó fi sílẹ̀ síbẹ̀ kí gbogbo ojú lè máa rí i.

Ní Wẹ́sìdeè tó jẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n Adébánjọ nínú omi tútù, Tẹjúmádé bí ọmọbìnrin. Ní Fúráìdeè, Rájí gbé wọn dé Ire-Akari. Láti ọjọ́ náà títí di Mọ́ńdè, Lucy ń gbé omi kaná láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń wẹ ọmọ rẹ̀, ó ń wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀. Adébánjọ a gbé àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá, kí ó lè máa gbọ́ ẹkún ọmọ náà. Inú rẹ̀ ń dùn, ojú rẹ̀ ń dán. Bí ó bá mọ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́, ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ooru omi bá ti ń rú jáde láti ilé ìwẹ̀, yóò kanra, yóò ní, "Ẹ ń sọ iṣan ọmọ yẹn di ọ̀lẹ." Lucy ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Táwẹ̀lì ló ń fún.

Túsìdeè dé. Ọjọ́ ọjà ni, ẹrù tuntun sì ń dúró de Lucy. Kí ó tó jáde, ó dúró síwájú ọkọ rẹ̀, ó ń kà á fún un lórí ìka.

"Àlàájà ń bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án láti wá wẹ̀ wọ́n. Omi wà nínú ìkòkò. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ẹ ṣáná sí i. Ìyẹn nìkan. Ẹ má ṣe nǹkan míì."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Lucy gbé báàgì rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọjà Aswani ni àgbà náà lọ, Adébánjọ ló kù sílé.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá. Adébánjọ kò ṣáná sí nǹkan kan. Inú yàrá ló lọ, níbi tí Tẹjúmádé jókòó sí tí ojú rẹ̀ ti wú, nítorí ọmọ kò jẹ́ kó sùn mọ́jú.

"Tẹjú mi, àárẹ̀ ń mú ẹ."

"Gidi gan-an, Dádì."

"Ohun tó máa lé e lọ wà nílé yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Wo ara mi bó ṣe rí."

"Dádì, Mọ́mì ní òtútù ò gbọdọ̀ wọ̀ mí lára."

"Mọ́mì ẹ ò tíì ka ohun tí mo kà. Ṣé màá sọ ohun tó máa pa ẹ́ lára fún ẹ ni? Ìwọ?"

Tẹjúmádé kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n láti kékeré rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún bàbá rẹ̀ bí ó bá fi ojú báyẹn wò ó. Ó tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ó dìde, ó wọ ilé ìwẹ̀.

Adébánjọ dúró sí kọ́rídọ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì gbọ́ ìró omi tán tí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ sí gúrúùpù pé ọmọ òun obìnrin, tó bímọ lọ́jọ́ keje òní, ti wà nínú omi tútù báyìí. Àtẹ́wọ́ sọ. Ẹnìkan ní ìdílé akọni ni wọ́n. Ẹnìkan ní kí ó ka gbogbo rẹ̀ sí fídíò kí ayé lè kọ́gbọ́n. Diamond fúnra rẹ̀, tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Kọmáńdà ni Adébánjọ. Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkan kan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

"Dádì, òtútù ń mú mi." Láti inú ilé ìwẹ̀ ni.

"Ó kù díẹ̀."

Ó ń kà á. Ó tún un kà.

"Dádì."

"Mo ní ó kù díẹ̀, Tẹjú."

Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Adébánjọ ń wá àwòrán ọwọ́ méjì tó ń dúpẹ́, kí ó fi dá Diamond lóhùn, àwòrán náà kò tètè bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọmọ jí nínú yàrá, ó figbe ta. Ìgbà yẹn gan-an ni Àlàájà Àrìnkẹ́ kan ilẹ̀kùn.

Àlàájà wọlé, ó kúnlẹ̀ kí àna rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ó gba kíṣìnì kọjá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìkòkò, ìkòkò tutù. Ó gbọ́ igbe ọmọ, ó gbé e. Ó rìn dé ẹnu ilé ìwẹ̀, ó sì bá Tẹjúmádé tó fi ìró so mọ́ àyà, ètè rẹ̀ ti funfun, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, tí ó ń sunkún láìsí ohùn.

Adébánjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní sáyẹ́ǹsì ti fi hàn. Ó ní àwọn àgbà ayé àtijọ́ kò ṣe é láti inú ìkà, pé wọn ò mọ̀ ni. Àlàájà kò já a lẹ́nu. Bí ó ti ń tẹ́tí ni ó ń nu abiyamọ gbẹ, ó wọ aṣọ méjì fún un, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó ṣáná sí gáàsì, ó po tíì tó gbóná, ó gbé e sí i lẹ́nu. Ó wá padà síwájú Adébánjọ, ó tún kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun gan-an, bàbá ìyàwó. Ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ sì mọ̀ pé ìsọmọlórúkọ ni lọ́la, ọ̀dọ̀ wa náà ni. Ẹ jẹ́ kí n kúkú máa mú wọn lọ báyìí, kí wọ́n má bàa tún máa dààmú láàárọ̀. Tó bá yá, wọ́n á máa bọ̀."

Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Àna kì í bú àna nílẹ̀ wa. Bí ọ̀rọ̀ bá korò tó báyìí, oyin ni wọ́n fi ń pò ó. Ọmọdé tó bá dàgbà sí Bọ́ládé mọ̀ pé "tó bá yá" kì í ní ọjọ́. Ṣùgbọ́n Adébánjọ, tó ti ka gbogbo ohun tó wà nínú fóònù, kò lè ka ojú obìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní Àlàájà mà gbọ́n o. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì Tẹjúmádé sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó gbé Àlàájà wá. Ó gbé báàgì ọmọ. Ó tún padà wọlé lọ gbé ìrọ̀rí tí wọ́n gbàgbé. Ó sì dúró ní ẹnu géètì, ó ń juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi ṣẹ́ kọ́nà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Lucy wọlé. Ó bá yàrá lófìfo. Ó bá omi nínú ìkòkò, bí ó ti bù ú sí i láàárọ̀ náà ló wà.

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ," ni Adébánjọ wí. "Àlàájà sọ bẹ́ẹ̀."

Lucy ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tuntun náà.

"Kí ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe láàárọ̀ yìí?"

"Lucy, ẹ̀yin obìnrin yìí..."

"Iná ni mo ní kẹ́ ẹ ṣá. Ọkùnrin tó ṣe ọ̀gá fún ogójì ènìyàn. Iná, Bàbá Tẹjú."

Lucy di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì lóru náà, kó lè lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Bọ́ládé. Wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ ní ọjọ́ kejì. Àlàájà sọ ọ́ ní Roqeebah, Adébánjọ sọ ọ́ ní Ọlámipọ̀sí, wọ́n sì dá bàbá ìyàwó lọ́lá láàárín àwọn àgbà. Nígbà tí ayẹyẹ parí, Adébánjọ lọ jókòó sínú mọ́tò, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó ń dúró kí wọ́n gbé ọmọ bọ̀. Rájí ló jáde wá, tí ojú ń tì í, ó ní, "Dádì, wọ́n ní kí ẹ máa lọ ná." Lucy pàápàá kò jáde.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, Adébánjọ dá wà nínú ilé oníyàrá márùn-ún. Bí ó bá pe Tẹjúmádé, yóò ní, "Dádì, a fẹ́ sùn." Bí ó bá pe Lucy, yóò ní omi wà lórí iná. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Ó fẹ́ kí ẹnìkan pariwo lé òun lórí, kí òun bẹ̀bẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí. Síbẹ̀, àràárọ̀ ni ó ń wọ inú omi tútù lọ, nítorí kò mọ ohun tí yóò fi òwúrọ̀ ṣe mọ́. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì jẹ́ sọ ọ́, pé bóyá òun ti fi ọwọ́ ara òun gbé ọmọ náà jáde nílé.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógójì, ó pe oníṣẹ́ iná padà. Ó ní kó wá dá hítà sí ipò rẹ̀. Kò sọ fún gúrúùpù.

Ogójì ọjọ́ pé ní Wẹ́sìdeè. Sátífíkéètì dé sórí fóònù rẹ̀ kí ó tó nu ara tán, àwòrán òkè oníyìnyín wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fi hàn. Ó wọ agbádá, ó wa mọ́tò lọ sí Bọ́ládé.

Wọ́n gbà á tẹ̀rín tọ̀yàyà. Àlàájà kúnlẹ̀, ó gbé àga tó dára jù fún un. Lucy kí i, ó ń ká aṣọ ọmọ. Tẹjúmádé jáde láti inú ilé, ara rẹ̀ ń dán, ojú rẹ̀ ti kún, ó gbé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Adébánjọ na ọwọ́ láti gba ọmọ náà.

Àlàájà rọra fi ọwọ́ tirẹ̀ kan ọwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ yín tutù, bàbá ìyàwó. Inú omi gbígbóná lọmọ ti ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀."

Ó bu omi gbígbóná sínú abọ́ kan, ó gbé e síwájú rẹ̀. Adébánjọ ká agbádá rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wọn. Nígbà tí ọwọ́ náà fi gbóná, ọmọ ti sùn, wọ́n sì ti tẹ́ ẹ sí yàrá.

"Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ nílé?" ni ó bi wọ́n.

Lucy ń ká aṣọ. Àlàájà wo ilẹ̀. Tẹjúmádé ló dáhùn.

"A ò bọ̀, Dádì. Ibí ni màá wà."

"Tó bá jẹ́ ti omi ni, mo ti dá hítà padà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ bi Zakariyah."

"Kì í ṣe ti omi." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Omi yẹn ò ní pa mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè yín, Dádì. Mo ní òtútù ń mú mi. Mo sì ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ fóònù."

Adébánjọ fa ọwọ́ yọ nínú abọ́. Omi ń kán láti ìka rẹ̀ sórí agbádá. Àlàájà dìde, ó lọ gbé oúnjẹ wá, ó sọ̀ ọ́ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ jẹun, ẹ̀yin àna wa, kó tó tutù."